Ilé Eré Tí Òjò Ń Rọ̀ Sí

Ní ìlú Kétu, bí wọ́n bá fẹ́ ṣe eré Gẹ̀lẹ̀dẹ́, wọn kì í ṣe é nínú ilé. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń ṣe é. Àwọn ènìyàn yóò pé jọ sí ojúde tàbí sí ìta ọjà. Wọn yóò ṣe agbo. Àwọn onílù yóò wà ní apá kan. Àwọn àgbà yóò gbé àga wá láti ilé. Àwọn ọmọdé yóò máa wá ibi tí wọn yóò ti rí ìran dáadáa. Lókè, ojú ọ̀run ni òrùlé.

Ọ̀pọ̀ ọmọ rò pé àwọn òyìnbó kì í ṣe eré báyìí. Wọ́n rò pé inú ilé tí ó ní ilẹ̀kùn àti fèrèsé ni gbogbo eré òyìnbó ti ń wáyé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, tí í ṣe olú-ìlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé eré kan wà ní etí odò ńlá kan. Orúkọ odò náà ni Thames. Orúkọ ilé eré náà ni Globe. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Globe ni ayé wa yìí, tí ó rí róbótó bí ọsàn. Ilé náà pẹ̀lú rí róbótó. Kò sì ní òrùlé ní àárín. Bí oòrùn bá ràn, inú ilé ni ó ń ràn sí. Bí òjò bá rọ̀, inú ilé ni ó ń rọ̀ sí.

Kì í ṣe pé owó tán lọ́wọ́ àwọn tí ó kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n fẹ́ kí ó rí.

Ìgbà eré

Ní ilẹ̀ wa, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn dára fún eré ìta. Ìkórè ti parí. Òjò ti lọ. Ilẹ̀ gbẹ. Àgbẹ̀ ní àyè láti sinmi àti láti wòran.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan yàtọ̀. Ní oṣù kejìlá àti oṣù kìíní, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́ ní Ṣábẹ, òtútù ń mú gidigidi ní Lọ́ńdọ̀nù. Ewé ti rẹ̀ dànù lára ọ̀pọ̀ igi. Nígbà mìíràn omi a máa dì. Ilẹ̀ sì ń tètè ṣú. Ní òpin oṣù kejìlá, bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá fi máa lù, oòrùn ti wọ̀. Ta ni yóò dúró síta fún wákàtí mẹ́ta nínú irú òtútù bẹ́ẹ̀?

Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà, ohun gbogbo ti yí padà. Òtútù ti dínkù. Ewé tútù ti bo igi. Oòrùn kì í fẹ́ wọ̀ mọ́. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá ní kí ó lọ sùn ní aago mẹ́jọ alẹ́ yóò rí i pé ìta ṣì mọ́lẹ̀ kedere. Aago mẹ́sàn-án yóò kọjá kí oòrùn tó wọ̀. Ìgbà ooru ni wọ́n ń pè é. Ìgbà ooru yìí ni ìgbà eré ní Globe. Eré a máa bẹ̀rẹ̀ ní bí oṣù kẹrin tàbí oṣù karùn-ún, a sì máa lọ títí di oṣù kẹwàá. Ọjọ́ mìíràn wà tí àwọn òṣèré yóò ṣeré ní ọ̀sán, tí wọn yóò tún ṣeré ní alẹ́.

Ẹ má ṣe rò pé ìgbà ooru wọn dà bí ẹ̀ẹ̀rùn wa. Kò jọ ọ́ rárá. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, a lè wà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí òjò má kán. Ní ìgbà ooru ti Lọ́ńdọ̀nù, òjò lè rọ̀ ní ọjọ́kọ́jọ́. Oòrùn lè ràn ní àárọ̀, kí òjò rọ̀ ní ọ̀sán, kí oòrùn sì tún yọ ní ìrọ̀lẹ́. Kò sí ẹni tí ó lè sọ fún òjò pé kí ó dúró de òpin eré.

Bí òjò bá wá dé ńkọ́? Eré kì í dúró. Àwọn òṣèré yóò máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Àwọn òǹwòran yóò wọ aṣọ òjò. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí agbòjò. Ọmọ tí ó bá ti dúró sẹ́yìn àgbàlagbà rí níbi ìran yóò mọ ìdí rẹ̀. Bí ẹni kan bá ṣí agbòjò níwájú, ẹni mẹ́wàá kò ní rí nǹkan kan lẹ́yìn. Nítorí náà, kí òjò pa gbogbo ènìyàn sàn ju kí agbòjò kan bo ìran mọ́ wọn lójú.

Inú ilé náà

Ẹ jẹ́ kí á wọ inú Globe. Ní àárín, àgbàlá ńlá kan wà tí kò ní àga. Àgbàlá yìí ni ibi tí òjò ń rọ̀ sí. Ènìyàn 700 lè dúró níbẹ̀. Ìdúró ni wọn yóò wà láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé òpin. Yíká àgbàlá náà ni àwọn ìjókòó wà, wọ́n to wọ́n ní àjà mẹ́ta, àjà kan lórí èkejì. Àwọn tí ó jókòó síbẹ̀ wà lábẹ́ òrùlé. Òjò kì í pa wọ́n. Ṣùgbọ́n pákó ni ìjókòó wọn, ó sì le. Àwọn mìíràn a máa yá tìmùtìmù kí ìdí má bàa dùn wọ́n.

Owó ìjókòó pọ̀ ju owó ìdúró lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, pọ́n-ùn 5 péré ni ẹni tí ó dúró ń san, nígbà tí ẹni tí ó jókòó ń san ìlọ́po rẹ̀ lọ́nà púpọ̀. Síbẹ̀, ẹ wo ohun ìyanu kan: ẹni tí ó san owó díẹ̀ ni ó súnmọ́ òṣèré jù. Ó lè gbé ìgbọ̀nwọ́ lé etí ìtàgé. Bí òṣèré bá la àárín èrò kọjá, ẹni tí ó wà ní àgbàlá ni aṣọ rẹ̀ yóò fara kàn. Ọlọ́rọ̀ tí ó wà lókè ń wo gbogbo èyí láti òkèèrè.

Ìtàgé náà ga tó ọrùn ọmọdé, ó sì yọ wá sí àárín àgbàlá. Nítorí náà, àwọn òǹwòran wà níwájú òṣèré, wọ́n sì wà ní ọ̀tún àti ní òsì rẹ̀. Òpó ńlá méjì gbé òrùlé kékeré kan dúró lórí ìtàgé. Wọ́n kun abẹ́ òrùlé yìí ní ọ̀dà dáradára. Wọ́n ya oòrùn, òṣùpá àti ìràwọ̀ síbẹ̀. Ọ̀run ni wọ́n ń pè é. Bí òrìṣà kan bá ní láti sọ̀kalẹ̀ wá sáyé nínú eré, láti ibẹ̀ ni wọn yóò ti fi okùn sọ òṣèré kalẹ̀. Ilẹ̀kùn kékeré kan tún wà ní ilẹ̀ ìtàgé. Iwin tàbí òkú lè gba ibẹ̀ yọ lójijì. Báyìí ni ìtàgé kan ṣoṣo ṣe di ọ̀run, ayé àti abẹ́ ilẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ó yà Globe sọ́tọ̀. Nínú ilé eré tí ó ní òrùlé, wọn a máa pa iná níbi tí àwọn òǹwòran jókòó sí. Orí ìtàgé nìkan ni iná ń wà. Òṣèré kì í rí ojú ẹni tí ń wò ó. Òkùnkùn ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Ní Globe, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kan náà ni ó ń tàn sí òṣèré àti sí òǹwòran. Bí ọmọ kan bá ń rẹ́rìn-ín ní àgbàlá, òṣèré rí i. Bí ẹnì kan bá ń sùn, òṣèré rí òun náà. Ó lè dojú kọ ẹni náà kí ó bi í ní ìbéèrè. Ó lè pe gbogbo èrò ní ọmọ ogun rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ orin ẹ̀fẹ̀ rí mọ bí èyí ṣe rí. Akọrin ẹ̀fẹ̀ kì í ṣe bí ẹni pé òun kò rí àwọn tí ó yí òun ká. Àwọn gan-an ni ó ń bá wí. Àwọn sì ni wọ́n ń gbe orin.

Iṣẹ́ òṣèré ní ìta kò rọrùn ṣá. Ẹyẹlé a máa fò wọlé. Ọkọ̀ òfuurufú a máa kọjá lókè pẹ̀lú ariwo. Òṣèré ní láti gbé ohùn sókè kí ẹni tí ó wà ní àjà kẹta lè gbọ́ ọ.

Ilé tí wọ́n tú ní ọ̀sẹ̀ ọdún

Globe tí a ń sọ yìí kọ́ ni Globe àkọ́kọ́. Ti àkọ́kọ́ ti pẹ́ gan-an, ìtàn rẹ̀ sì dùn.

Ní ohun tí ó lé ní 400 ọdún sẹ́yìn, ẹgbẹ́ òṣèré kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀kan nínú wọn ni William Shakespeare. Wọ́n bí i ní ọdún 1564 ní ìlú kékeré kan tí ó ń jẹ́ Stratford. Bàbá rẹ̀ ń rán ìbọ̀wọ́ tà. Shakespeare fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀, ó wá sí Lọ́ńdọ̀nù, ó ń ṣeré, ó sì ń kọ eré fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Títí di òní, wọ́n ń ṣe àwọn eré rẹ̀ káàkiri ayé.

Ẹgbẹ́ náà ní ilé eré kan ní apá àríwá ìlú. Wọ́n fi igi kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ilé náà wà lórí rẹ̀ kì í ṣe tiwọn. Wọ́n yá ilẹ̀ náà fún ọdún 21 ni. Ní ọdún 1597, ọdún 21 náà pé. Onílẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n máa bá a lọ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ní ilé tí ó wà lórí ilẹ̀ òun ti di ti òun. Àwọn òṣèré ní rárá o. Wọ́n ní ilẹ̀ ni tirẹ̀, igi ni tiwọn.

Ta ni ó jàre? Ẹ bi àwọn àgbà nílé. Irú ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì ní ìlú wa.

Nígbà tí ó di ọjọ́ 28 oṣù kejìlá ọdún 1598, nínú ọ̀sẹ̀ ọdún Kérésìmesì, onílẹ̀ ti lọ sí abúlé rẹ̀. Àwọn òṣèré pe gbẹ́nàgbẹ́nà kan àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbé àáké àti òòlù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú ilé náà, igi kan lẹ́yìn òmíràn. Àwọn ọ̀rẹ́ onílẹ̀ wá láti dá wọn dúró, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́. Wọ́n kó igi náà lọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé e kọjá odò Thames sí apá gúúsù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi igi kan náà kọ́ ilé eré tuntun ní ọdún 1599. Òun ni Globe àkọ́kọ́. Nígbà tí onílẹ̀ padà dé, ilẹ̀ rẹ̀ ni ó bá. Ó bínú, ó gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́, ṣùgbọ́n igi náà kò padà sí ọwọ́ rẹ̀.

Ní Globe yìí, bí eré bá wà, wọn a ta àsíá sókè ilé. Àwọn tí ó wà ní òdìkejì odò yóò rí i, wọn yóò sì mọ̀ pé eré wà lónìí. Ọ̀sán ni wọ́n ń ṣeré, nítorí pé kò sí iná mànàmáná nígbà náà. Oòrùn ni fìtílà wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ dúró yóò san pẹ́nì 1. Ẹni tí ó bá fẹ́ jókòó yóò fi pẹ́nì 1 kún un. Ẹni tí ó bá tún fẹ́ tìmùtìmù yóò fi òmíràn lé e. Ilé náà lè gba ènìyàn bí 3000. Ẹ fojú inú wo bí wọ́n ṣe fún ara wọn tó! Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń mu ọtí, wọ́n ń pariwo. Ní ọdún 1989, nígbà tí wọ́n ń wa ilẹ̀ ilé eré mìíràn tí ó wà ní àdúgbò kan náà ní ayé ọjọ́un, wọ́n rí èèpo èso kéékèèké púpọ̀ níbẹ̀. Èso náà ní èèpo líle bí èkùrọ́. Ó jọ bí ìgbà tí a bá gbá ìta ọjà ní ọjọ́ kejì eré, tí a sì rí èèpo ẹ̀pà níbi gbogbo.

Obìnrin kì í ṣeré ní ìtàgé náà nígbà ayé Shakespeare. Wọn kò gbà á láyè. Bí ayaba bá wà nínú eré, ọmọkùnrin ni yóò wọ aṣọ ayaba, yóò sì fi ohùn tín-ín-rín sọ̀rọ̀. Ọmọ Kétu kò ní rẹ́rìn-ín sí èyí. Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pẹ̀lú, ọkùnrin ni ó ń gbé ère tí ó ní ojú obìnrin lérí, tí ó ń so ìdí àti ọmú mọ́ra, tí ó sì ń jó ijó ìyá. Lónìí, obìnrin ń ṣeré ní Globe. Nígbà mìíràn obìnrin tilẹ̀ ń ṣe ọba níbẹ̀.

Iná

Òrùlé Globe àkọ́kọ́ jẹ́ ti koríko, bí àwọn ilé àtijọ́ ní abúlé wa. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1613, wọ́n ń ṣe eré kan nípa ọba Henry Kẹjọ. Nínú eré náà, ọba ń bọ̀ wá sí òde àríyá. Ó yẹ kí ìbọn ró láti kí ọba. Wọ́n yin àgbá gidi. Kò sí ọta nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi dí i lẹ́nu ti gbaná. Ó fò lọ bà lé koríko orí òrùlé.

Èéfín díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Àwọn ènìyàn rí i, wọn kò kà á sí. Wọ́n ń wo eré. Iná rọra ń jẹ koríko lábẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sáré yí gbogbo òrùlé ká. Kí wákàtí kan tó pé, ilé ti jó tán. Gbogbo igi tí wọ́n ti gbé kọjá odò di eérú.

Gbogbo èrò sá jáde, a kò sì gbọ́ pé ẹnì kan kú. Ọkùnrin kan wà tí iná mú ṣòkòtò rẹ̀. Ọtí ìgò kan ni wọ́n rí nítòsí, òun ni wọ́n dà sí i, iná náà sì kú. Ó dájú pé ọkùnrin náà kò gbàgbé eré ọjọ́ yẹn.

Àwọn òṣèré kò jáwọ́. Ní ọdún kejì, wọ́n ti kọ́ Globe mìíràn sí ibẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kejì yìí, wọn kò fi koríko bò ó mọ́. Amọ̀ sísun ni wọ́n fi bo òrùlé rẹ̀. Shakespeare kú ní ọdún 1616, eré rẹ̀ kò kú. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1642, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn aṣòfin sì pàṣẹ pé kí gbogbo ilé eré di títì. Àwọn kan nínú wọn gbà pé eré jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n wó Globe, wọ́n sì kọ́ ilé gbígbé sí ibẹ̀. Ohun tí iná kò lè parí, òfin parí rẹ̀.

Ẹni tí ó wá a kiri

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Ní ọdún 1949, òṣèré ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ó ń jẹ́ Sam Wanamaker wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó fẹ́ràn eré Shakespeare gidigidi. Ó lọ wá ibi tí Globe wà. Ó rò pé òun yóò bá ohun ńlá kan níbẹ̀. Ohun tí ó bá ni ògiri ilé-iṣẹ́ ọtí kan. Wọ́n kan àwo irin kan mọ́ ògiri náà, ọ̀rọ̀ díẹ̀ sì wà lára rẹ̀ pé ibí ni Globe wà rí. Kò sí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ó pinnu pé Globe yóò tún dúró. Ní ọdún 1970, ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Owó kò sí. Ilẹ̀ kò rọrùn láti rí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà pé iṣẹ́ náà lè ṣe é ṣe. Àwọn mìíràn béèrè pé kí ni ará Amẹ́ríkà ń wá nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń bẹ̀bẹ̀ kiri, ó ń kówó jọ díẹ̀díẹ̀, ó ń ṣàlàyé fún ẹni tí ó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, wọ́n fẹ́ kí ó jọ ti àtijọ́ bí ó ti ṣeé ṣe tó. Igi líle ni wọ́n fi ṣe é. Wọn kò fi ìṣó irin kan igi mọ́ igi. Wọ́n lu ihò sí igi, wọ́n sì fi èèkàn igi dè é. Wọ́n po ẹfun, iyanrìn àti irun ewúrẹ́ pọ̀, wọ́n fi rẹ́ ògiri. Irun ewúrẹ́ náà kì í jẹ́ kí ògiri sán. Ẹni tí ó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń fi koríko po amọ̀ ilé yóò mọ ohun tí irun náà wà fún. Fún òrùlé, wọ́n padà sí koríko, irú èyí tí ó ń hù létí omi.

Koríko yìí fa ìjíròrò. Ní ọdún 1666, iná ńlá kan jó apá púpọ̀ nínú Lọ́ńdọ̀nù. Láti ìgbà náà, wọn kò gba òrùlé koríko láyè ní àárín ìlú mọ́. Òrùlé Globe ni àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà láyè lẹ́yìn iná náà. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ọ̀pá omi sí orí òrùlé náà. Bí iná bá fẹ́ ṣẹ́ yọ, omi yóò tú jáde lára ọ̀pá láti pa á. Wọn kò tún fẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé ọtí ìgò.

Sam Wanamaker kò rí òpin iṣẹ́ náà. Ó kú ní oṣù kejìlá ọdún 1993, nígbà tí ilé kò tí ì parí. Àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ kò dúró. Ní ọdún 1997, wọ́n ṣí Globe tuntun fún eré. Kò jìnnà sí ibi tí ti àtijọ́ wà. Láti ìgbà náà, ní ìgbà ooru, àwọn ènìyàn ń dúró ní àgbàlá náà, wọ́n ń gbójú sókè, wọ́n ń wo ìtàgé, wọ́n sì ń wo ìkúukùu.

Yorùbá ní Globe

Ní ọdún 2012, wọ́n ń ṣe ìdíje eré ìdárayá Òlíḿpíìkì ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn àlejò ń bọ̀ láti gbogbo ayé. Àwọn ará Globe wá ronú pé, dípò èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan, kí wọ́n ṣe eré Shakespeare ní ọ̀pọ̀ èdè. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n ṣe eré 37 ní èdè 37. Èdè Faransé wà níbẹ̀, èyí tí ẹ̀yin náà ń kọ́ ní ilé-ìwé. Èdè Swahili ti ìlà-oòrùn Áfíríkà wà níbẹ̀. Èdè ọwọ́ tí àwọn tí kò gbọ́ràn fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Yorùbá náà wà níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ òṣèré kan láti ìlú Èkó ni ó ṣe ti Yorùbá, ní oṣù karùn-ún. Wọ́n pe eré náà ní Ìtàn Ògìnìntìn. Ọba kan wà nínú ìtàn náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí òun náà jẹ́ ọba, wá kí i. Ọba bẹ̀rẹ̀ sí í jowú. Ó rò pé ìyàwó òun ń fẹ́ ọ̀rẹ́ òun. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó ti ayaba mọ́lé. Ó ní kí wọ́n gbé ọmọbìnrin jòjòló tí ayaba bí jù sí ọ̀nà jíjìn. Darandaran kan rí ọmọ náà, ó sì tọ́ ọ dàgbà. Ọdún 16 kọjá kí bàbá tó tún fojú kan ọmọ rẹ̀.

Àwọn òṣèré láti Èkó kò fi orúkọ òyìnbó pe àwọn ènìyàn inú ìtàn náà. Wọ́n pe ọba tí ń jowú ní Ṣàngó. Wọ́n pe ayaba ní Ọya. Wọ́n pe ọ̀rẹ́ ọba ní Ògún. Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ orúkọ mẹ́ta yìí tí kò ní fura pé ìjà ń bọ̀. Ìlù, orin àti ijó wà nínú eré náà, lábẹ́ òrùlé koríko náà, ní etí odò Thames.

Púpọ̀ nínú àwọn tí ó wá wòran ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà kò gbọ́ gbogbo èdè tí wọ́n fi ń ṣeré. Nítorí náà, wọ́n gbé àwo kan sí ẹ̀gbẹ́ ìtàgé. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ a máa hàn lójú rẹ̀ láti sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ṣókí: ọba bínú, ọmọ sọnù, àlejò dé. Kò túmọ̀ ọ̀rọ̀ tí òṣèré ń sọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá ní láti wo ojú òṣèré, kí ó wo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó sì fetí sí ìlù. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá kò nílò àwo náà.